Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Wágọ̀n

Bí owó bá tó owó lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá tó fẹ́ ra ọkọ̀ gidi, jíìpù ló kọ́kọ́ ń sọ sí i lọ́kàn. Jíìpù ga, ó ń fọlá hàn, ẹni tó bá sì wà nínú rẹ̀ á máa wo òrùlé ọkọ̀ àwọn tó kù nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Wágọ̀n kò ní irú ògo bẹ́ẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ọkọ̀ baálé ilé tí ọmọ ti pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, tàbí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé pósí. Ṣùgbọ́n ẹ dúró síwájú gbọ̀ngàn àríyá kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù lálẹ́ Sátidé nígbà tí òde bá ń tú, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń di ẹrù. Ẹni tó gbé jíìpù wá á máa gbé ìkòkò dé àyà kó tó lè tì í wọ búùtù. Ẹni tó gbé wágọ̀n wá á ṣí ẹ̀yìn, á ti kúlà jọ̀lọ́fù àti kúlà ọtí ẹlẹ́rìndòdò wọlé gbọọrọ, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta á sì tún ráyè jókòó.

Wágọ̀n olówó ńlá ni mo fẹ́ yẹ̀ wò: èyí tó lórúkọ, tí inú rẹ̀ tù, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì gba ẹrù rẹpẹtẹ. Èyí tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ ni Mercedes-Benz E-Class Estate tí wọ́n tà láàárín 2016 sí 2023, pàápàá E 220 d tó ń mu dísẹ̀lì. S213 ni àwọn oníṣòwò ọkọ̀ àti mẹ́káníìkì mọ̀ ọ́n sí. Mo mú un nítorí pé ó pọ̀ lọ́jà àlòkù ní ìlú Ọba, iye rẹ̀ sì ti wálẹ̀ débi tí ẹni tó ń gba owó oṣù lè máa ná an. Èrò mi nípa rẹ̀ kò díjú. Ẹni tó ń rìn jìnnà déédéé, agbára káká ni yóò fi rí ọkọ̀ tó sàn jù ú lọ. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò ju ilé, ilé ìwé ọmọ àti ọjà lọ, ọkọ̀ kan náà lè jẹ ẹ́ lówó títí yóò fi kábàámọ̀. Nítorí náà, kí a tó béèrè bóyá ọkọ̀ náà dára, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè irú ìrìn tí ẹ ń rìn.

Wágọ̀n kì í ṣe àjèjì

Ọmọ Nàìjíríà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ wágọ̀n. Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Èkó sí Ìbàdàn tàbí Ilọrin láyé ìgbà kan á rántí Pijó 504 wágọ̀n. Láti 1975 ni iléeṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò 504. Ìlà síítì mẹ́ta ni wágọ̀n náà ní, àwọn awakọ̀ gáréèjì sì mọ bí wọ́n ṣe ń fún èrò mọ́ ọn títí ilẹ̀kùn á fi kọ̀ tí kò ní í tì. Kì í ṣe ẹwà ló gbé ọkọ̀ yẹn níyì. Àárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ mítà 2.90, nígbà tí ti 504 sàlúùnù jẹ́ mítà 2.74. Sípírìn mẹ́rin ni wọ́n tún fi sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹrù má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn Faransé tó ṣe é ti mọ̀ pé wágọ̀n kì í ṣe sàlúùnù tí wọ́n kàn fi òrùlé kún. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ọ̀nà tí àwọn ará Jámánì gbà sí ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Ọdún 1977 ni Mercedes gbé wágọ̀n àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń tò jáde, níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Frankfurt. S123 ni wọ́n ń pè é, ìlú Bremen ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti sàlúùnù tí àwọn dókítà àti lọ́yà ń gùn, ṣùgbọ́n abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ohun tí sàlúùnù lásán kò ní: ṣọ́ọ̀kì tó ń gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ padà sí ìdúró rẹ̀ bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́. S124 ló tẹ̀ lé e ní 1985. Sàlúùnù tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá ni àwọn ará Nàìjíríà sọ ní V-boot. Láti ayé S123 títí dé S213, Mercedes kò yọ ètò agbẹ́yìnró yẹn kúrò lára wágọ̀n E-Class. Bí a bá yọ ọ́, ọkọ̀ náà kò jẹ́ nǹkan kan mọ́ ju sàlúùnù tó ní búùtù gígùn.

Ẹ̀yìn ọkọ̀

Nígbà tí síítì bá wà ní ìdúró, búùtù S213 gba lítà 640. Bí ẹ bá da síítì ẹ̀yìn délẹ̀, ó di lítà 1,820. Síítì náà pín sí mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń dá wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ lè da ti àárín nìkan, kí ẹ ti igi kánópì tàbí àga àkápọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, kí ọmọ méjì sì jókòó sọ́tùn-ún sósì láìsí wàhálà. Bọ́tìnnì tó ń dà wọ́n wà lára ògiri búùtù, ẹ kò ní í sáré yí ọkọ̀ po kí ẹ tó rí wọn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń fi iná ṣí ara rẹ̀. Ẹnu búùtù rẹlẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́jú, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kò ní í bẹ ẹnikẹ́ni kó tó gbé àpò ìrẹsì wọlé.

Ìdánwò tó tọ́ sí wágọ̀n ọmọ Yorùbá ni ọjọ́ tí ìdílé ń lọ sí Heathrow láti wá sílé. Bí èèyàn mẹ́rin bá ní báàgì méjì-méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ kílò 23, kílò 184 ló ti wà lẹ́yìn, ká má tí ì dárúkọ àwọn tó jókòó àti báàgì tí kálukú fi sí itan rẹ̀. Nínú sàlúùnù, ìdajì ẹrù yẹn á kù sílé. Nínú ọ̀pọ̀ wágọ̀n mìíràn, ẹrù á wọlé, àmọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ á tẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá tẹ̀, imú á gbé sókè. Iná iwájú á máa wọ ojú àwọn tó ń bọ̀, táyà iwájú tó ń darí ọkọ̀ kò sì ní í tẹ ilẹ̀ dáadáa mọ́. Ọkọ̀ á máa mì sọ́tùn-ún sósì bí tírélà bá ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun tí S213 ń ṣe nìyí: sẹ́ńsọ̀ kan ń wọn gíga ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí ó bá rí i pé ó ti wálẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpò rọ́bà tó wà níbi tí sípírìn ì bá wà, ẹ̀yìn á sì padà sókè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ kò ní í tẹ nǹkan kan, ẹ kò tilẹ̀ ní í mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀. Gbogbo E-Class Estate ìran yìí ló bá a jáde láti iléeṣẹ́, kì í ṣe àfikún tí oníbàárà ń san owó fún. Èmi gbà pé ohun yìí níyì ju gbogbo jígí àti iná àwọ̀ mèremère tó wà níwájú lọ.

Bí àwọn ọmọ yín bá ju mẹ́ta lọ, ẹ fojú wá èyí tó ní ìlà kẹta. Síítì méjì kékeré ni, ó kọjú sẹ́yìn, ọmọdé nìkan ló sì gbà. Kò wọ́pọ̀, nítorí pé ẹni tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ ti sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀.

Lójú ọ̀nà márosẹ̀

Ẹ́ńjìnnì E 220 d jẹ́ sísì 1,950, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ẹṣin 194. Nọ́ńbà tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni 400 Nm, èyí tí í ṣe agbára ìfà rẹ̀, nítorí pé láti ìsàlẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Gíà ọtomátíìkì mẹ́sàn-án ló ń pín agbára náà. Bí ẹrù bá kún ọkọ̀, tí ẹ sì fẹ́ wọ ọ̀nà M1 láàárín tírélà méjì, ẹsẹ̀ díẹ̀ ti tó, ariwo kò ní í sọ. Láti ìdúró dé 62 máìlì ní wákàtí kò gbà tó sẹ́kọ́ńdù mẹ́jọ, ẹni tó fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọkọ̀ tí kúlà ọbẹ̀ wà nínú rẹ̀, kó lọ bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Lórí ọ̀nà gígùn tí kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, nǹkan bíi máìlì 50 ni ó ń rìn lórí gálọ́ọ̀nù kan. Lọ́ńdọ̀nù sí Manchester tó nǹkan bíi 200 máìlì, nítorí náà lítà 18 péré yóò gbé gbogbo ìdílé débẹ̀. Kò sí jíìpù olówó ńlá tó gba ẹrù kan náà tó lè bá a du ìyẹn láìsí pé wọ́n fi iná mànàmáná kún un, nítorí pé jíìpù ga, ó wúwo, afẹ́fẹ́ sì ń dá a dúró.

Ohun kan wà tí àwọn olùtà kì í sọ. Irú táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà lè bà á jẹ́. Oríṣi tí wọ́n ń pè ní AMG Line ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá, nítorí pé iwájú rẹ̀ le, ríìmù rẹ̀ sì tóbi. Ṣùgbọ́n bí ríìmù bá ṣe ń tóbi ni rọ́bà táyà ń tín-ínrín, kòtò ojú títì ìlú Ọba kò sì mọ olówó. Oríṣi SE tó ní ríìmù kékeré máa ń rọra gun kòtò, táyà rẹ̀ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ríìmù rẹ̀ kì í sì í tètè wọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú ra ohun tí ìdí kò ní í fara mọ́.

Inú ọkọ̀ tù, síítì rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn ro èèyàn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ sì wà níwọ̀n, àyàfi láàárọ̀ tí òtútù bá mú tí ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ kígbe díẹ̀. Àwọn tó jáde kí wọ́n tó tún un ṣe ní 2020 kò ní jígí tí ẹ lè fọwọ́ tẹ̀. Kókó kan tó ń yí àti pátákó kékeré láàárín síítì ni wọ́n fi ń darí rẹ̀. Ẹni tí fóònù ti bà lọ́wọ́ jẹ́ á bínú sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láti 2020 lọ sókè, jígí náà ń gbọ́ ìfọwọ́tẹ̀ àti ohùn.

Láàárín ìlú

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọkọ̀ yìí gùn ní mítà 4.93, ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wọ́pọ̀ ní ìlú Ọba sì jẹ́ mítà 4.8 ní gígùn àti 2.4 ní fífẹ̀. Ìyẹn ni pé níbi tí ẹ bá gbé e sí ní ilé ìtajà, imú rẹ̀ tàbí ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ síta. Bí a bá ka dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn, ó fẹ̀ ní mítà 2.06. Àwọn àdúgbò kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ti ri òpó irin mọ́ títì láti dá ọkọ̀ ńlá dúró, tí wọ́n sì kọ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínṣì mẹ́fà sí i. Ìyẹn kò tó mítà méjì. Ẹ ó ká dígí mọ́ra, ẹ ó sì mí kanlẹ̀ kí ẹ tó kọjá. Kámẹ́rà ẹ̀yìn ń ranni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ní òpópónà tóóró tí wọ́n ń gbọ́kọ̀ sí ní ọ̀tún àti òsì, kó fi tépù wọn iwájú ilé rẹ̀ kó tó ná ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ ULEZ náà wà níbẹ̀. Láti oṣù Kẹjọ ọjọ́ 29, ọdún 2023, gbogbo agbègbè Lọ́ńdọ̀nù ló ti wà lábẹ́ òfin èéfín yìí. Ọkọ̀ dísẹ̀lì tí kò bá dé ìwọ̀n Euro 6 gbọ́dọ̀ san £12.50 lójoojúmọ́ tó bá jáde. Gbogbo S213 ló dé ìwọ̀n náà. Ọ̀pọ̀ àwọn S212 dísẹ̀lì tó ṣáájú rẹ̀ kò dé e, ìdí rèé tí wọ́n fi pọ̀ lọ́jà ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí owó pọ́ọ́kú yẹn tàn yín. Bí ẹ bá ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, £3,250 ni ẹ ó san fún ìjọba ìlú lọ́dún kan, ẹ kò sì tí ì ra epo.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Iye tí ẹ fi ra wágọ̀n olówó ńlá àlòkù ni ẹ̀fà. Kí a wá sí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Owó orí ọkọ̀ ni àkọ́kọ́. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti oṣù Kẹrin ọjọ́ 1, ọdún 2017, tí iye rẹ̀ lórí àtẹ nígbà tó wà ní tuntun sì ju £40,000 lọ, máa ń san àfikún owó orí fún ọdún márùn-ún, láti ọdún kejì rẹ̀. Àfikún náà ti lé ní £400 lọ́dún báyìí. Ẹni tó ra á ní àlòkù ní ìdajì owó náà kò bọ́. Iye àkọ́kọ́ ni ìjọba ń wò. Nítorí náà, ẹ wo ọjọ́ orí ọkọ̀: bí ó bá ti pé ọdún mẹ́fà, àfikún náà ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. Àwọn S213 díẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn tún sàn jù, nítorí pé ìwọ̀n èéfín wọn ni wọ́n fi ń ṣírò tiwọn, èéfín E 220 d kò sì pọ̀ lórí ìwé.

Èkejì ni fíltà èéfín tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí DPF. Òun ló ń gba èédú dúdú inú èéfín dísẹ̀lì mọ́ra. Bí ọkọ̀ bá rìn jìnnà, tí èéfín sì gbóná gan-an, èédú náà á jóná di eérú. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá ni ọkọ̀ ń rìn, fíltà kò ní í gbóná tó, ó sì dà bí ààrò tí wọ́n ń dá iná sí lójoojúmọ́ tí wọn kò kó eérú rẹ̀: lọ́jọ́ kan, kò ní í lè mí mọ́. Iná ìkìlọ̀ á tàn, agbára ọkọ̀ á lọ sílẹ̀, mẹ́káníìkì á sì dárúkọ owó tó lè ju ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn kan lọ bí fíltà tuntun bá jẹ́ dandan. Àwọn kan á ní kí wọ́n bá yín yọ ọ́ dànù. Ẹ má gbà. Láti oṣù Kejì 2014 ni ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ DPF rẹ̀ ti ń kùnà ìdánwò MOT.

Ibí yìí ni ìpinnu tó wà lọ́wọ́ yín fìdí sí. Àlàáfíà ẹ́ńjìnnì yìí kò sí nínú ìtọ́jú nìkan, ó wà nínú ọ̀nà tí ó ń rìn. Nọ́ọ̀sì tó ń wakọ̀ láti Luton lọ sí ọsibítù ní àárín Lọ́ńdọ̀nù àti pásítọ̀ tó ń lọ sí ìpàdé ní Birmingham lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, DPF wọn kò ní í yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹni tí ilé, ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà ní Peckham, epo bẹntiróòlù ni kó wá. E 200 wà tó ń mu ún. Epo á pọ̀ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọkàn á balẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni AdBlue, omi tí wọ́n ń tú sínú èéfín láti fi pa májèlé inú rẹ̀. Kò wọ́n, ilé epo ló sì ti ń tà á. Ohun tó wọ́n ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ àti ohun tó ń mú un gbóná, nítorí pé bí ọ̀kan nínú wọn bá bàjẹ́, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ka máìlì tó kù kó tó kọ̀ láti ṣíná.

Ẹ̀kẹrin ni àpò afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn. Rọ́bà ni, rọ́bà a sì máa gbó. Bí ó bá ti ń jò díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi títí òun náà á fi kú. Ẹni tó pààrọ̀ àpò ní kíákíá á san owó kékeré. Ẹni tó ní ó ṣì ń gbé ara rẹ̀ sókè, ẹ jẹ́ kó máa bá a lọ, á san ti méjèèjì.

Sábísì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, òróró bíréèkì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì, òróró gíà nígbà tí ọkọ̀ bá rìn nǹkan bíi 77,000 máìlì. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn olùtà ń gbójú fò jù. Íńṣọ́ránsì náà kì í rọrùn: ìpele 1 sí 50 ni wọ́n pín àwọn ọkọ̀ ìgbà náà sí ní ìlú Ọba, ibi gíga ni E-Class yìí sì jókòó sí. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó sanwó ọkọ̀, pàápàá bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ bá wà nílé.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀

BMW 5 Series Touring ìran G31 gba lítà 570, Audi A6 Avant tó jáde ní 2018 gba 565, Volvo V90 gba 560 nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Kò sí èyí tó tó 640 nínú wọn. BMW ló dùn-ún wà jù fún ẹni tó fẹ́ràn kọ́nà, dígí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń dá ṣí fúnra rẹ̀, ẹ lè ju àpò ọjà wọlé láìṣí ilẹ̀kùn. Síítì Volvo ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí ìdí ń dùn, àmọ́ òrùlé ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀, ohun gíga kò ní í wọlé. Inú Audi mọ́ tónítóní, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n jígí ìfọwọ́tẹ̀ ló gbà gbogbo bọ́tìnnì. Bí ẹrù bá ṣe pàtàkì sí yín ju ẹwà lọ, Mercedes ló borí.

Ẹ ṣọ́ra fún E 300 de, èyí tó pa dísẹ̀lì àti iná mànàmáná pọ̀. Ó dára fún ẹni tó lè ṣájì ọkọ̀ nílé, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ gba àyè ẹ̀yìn, búùtù wálẹ̀ sí lítà 480, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì tẹ́jú mọ́. Wágọ̀n tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò tẹ́jú ti sọ ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ nù.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ gba nọ́ńbà ọkọ̀, kí ẹ fi wo ìtàn MOT rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó rí máìlì tó wà lójú rẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ ó sì mọ̀ bóyá wọ́n ti dá a padà. Bí máìlì tó rìn lọ́dún bá kéré gan-an fún ọkọ̀ dísẹ̀lì, ẹ má yọ̀. Ó lè jẹ́ pé ìrìn kúkurú ló fi gbogbo ayé rẹ̀ rìn. Ọkọ̀ tó rìn 90,000 máìlì lórí ọ̀nà márosẹ̀ lè sàn ju èyí tó rìn 35,000 nínú ìlú lọ. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé kí ló fi ṣe.

Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ bá ẹ́ńjìnnì ní tútù. Bí ẹ bá dé tí wọ́n ti ṣíná rẹ̀, ẹ béèrè ìdí. Ẹ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n tó ṣíná rẹ̀: bí ó bá ti jókòó sílẹ̀ mọ́jú, àpò afẹ́fẹ́ ti ń jò. Ẹ da gbogbo síítì, kí ẹ tún gbé wọn dìde. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí ẹ sì tì í lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ V5C, kí orúkọ àti àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀ bá ibi tí ẹ wà mu. Kí ẹ san owó díẹ̀ láti mọ̀ bóyá gbèsè wà lọ́rùn ọkọ̀ náà, nítorí pé bí ilé owó bá ṣì ni ín, ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ni ín.

Ṣé ó ṣeé gbé wá sílé?

Ìbéèrè yìí kì í pẹ́ dé lẹ́nu ọmọ wa, pàápàá ẹni tó ń gbèrò àtipadà sílé. Rárá ni ìdáhùn. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn ọkọ̀ ìlú Ọba wà. Láti oṣù Kẹrin ọjọ́ 2, ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò ní apá òsì títì, òfin ìrìnnà kò sì gbà kí wọ́n forúkọ ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́tùn-ún sílẹ̀. Ká tilẹ̀ ní ẹ ra ọ̀kan tó jẹ́ ti ọwọ́ òsì láti Jámánì, epo ni wàhálà. Dísẹ̀lì tí wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì yìí fún kò gbọdọ̀ ní ju mílígírámù 10 imí-ọjọ́ lọ nínú kílò kan. Ìwọ̀n tí ECOWAS fẹnu kò sí jẹ́ 50, ìlọ́po márùn-ún ìyẹn. Imí-ọjọ́ yẹn á ba ẹ̀rọ ìfọ-èéfín jẹ́, AdBlue kò sì sí ní gbogbo ilé epo láti Ṣágámù dé Ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wágọ̀n nílé, kó wá èyí tó ń mu bẹntiróòlù, kó fi ríìmù kékeré sí i, kó sì mọ ẹni tó máa bá a wá àpò afẹ́fẹ́ kó tó gbó.

Ìdájọ́

Ẹ fi ọkàn ka ìrìn yín fún oṣù kan. Bí ẹ bá ń gun ọ̀nà márosẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán, tí ẹ sì ń kó ẹrù àti èèyàn pọ̀, ẹ wá E 220 d SE tó ti pé ọdún mẹ́fà, tó ní ìwé sábísì pípé, tó sì ní ríìmù kékeré. Ẹ yọ owó kan sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, fún àpò afẹ́fẹ́ àti òróró gíà. Kò ní í já yín kulẹ̀. Bí ìrìn yín bá wà láàárín ìlú nìkan, ẹ ra E 200, tàbí kí ẹ gbàgbé E-Class pátápátá, kí ẹ ra wágọ̀n kékeré tó ń mu bẹntiróòlù, kí ẹ sì fi owó tó kù ṣe nǹkan mìíràn. Bí ó bá sì jẹ́ pé nítorí àmì iwájú ni ẹ ṣe fẹ́ ẹ, ẹ ra sàlúùnù. Àmì kan náà ló wà níwájú rẹ̀, ẹ kò sì ní í sanwó ìtọ́jú ẹ̀yìn tí ẹ kò lò.